Ẹni tó wà lójú ìjà kọ́ ló yẹ kó sọ pé ó tó

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, ìlú Ìbàdàn gbàlejò ìjà oyè àgbáyé àkọ́kọ́ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Áfíríkà àwọn aláwọ̀ dúdú. Pápá ìṣeré Liberty, tí a ń pè ní pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, ni Dick Tiger, ọmọ Amaigbo nílẹ̀ Ìgbò, ti kojú Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà. Abala 15 ni wọ́n dá fún ìjà náà, ṣùgbọ́n kò dé ìdajì. Nígbà tí aago abala kẹjọ fẹ́ lù, Fullmer kò dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀; àwọn èèyàn tó wà ní kọ́nà rẹ̀ ti sọ pé ó tó. Kò tún jà mọ́ títí tó fi kú ní 2015. Àwọn tó ń ròyìn ọjọ́ náà máa ń sọ bí Tiger ṣe fi ẹ̀ṣẹ́ da ọkùnrin náà láàmú. Wọn kì í sábà mẹ́nu ba àwọn tó dá ìjà náà dúró. Lójú tèmi, ìpinnu tí wọ́n ṣe nídìí àpótí yẹn wà lára ohun tó níyì jù lọ tó ṣẹlẹ̀ nílùú Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ń béèrè ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ ara àti ọkàn ẹni tó ń ṣe é, débi pé kò yẹ ká fi í sílẹ̀ fún un láti pinnu ìgbà tí òun yóò dúró. Ẹlòmíì ló yẹ kó bá a pinnu rẹ̀, kí gbogbo àwa tí à ń wòran sì gbà bẹ́ẹ̀ láìpariwo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ara ń rí. Abala kan nínú ìjà àwọn tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìsinmi ìṣẹ́jú kan ló ń tẹ̀ lé e, ìjà oyè àgbáyé àwọn ọkùnrin lóde òní sì jẹ́ abala 12. Ìṣẹ́jú 36 péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lè béèrè pé kí ni ìyẹn já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣẹ́jú 90. Ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù lè rọra rìn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lódìkejì pápá, kò sì sí ẹni tó ń fi ìkúùkù ṣọ́ àgbọ̀n rẹ̀. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè kó lè bo ojú àti àgbọ̀n, ìgúnpá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìhà kó lè bo ẹ̀dọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró sójú kan. Ẹ̀ṣẹ́ tó lágbára kì í ti ọwọ́ wá. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á gba itan àti ìbàdí kọjá, èjìká á yí kó tó dé ìkúùkù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣẹ́ tó tàsé fi máa ń gba okun lára ju èyí tó bà lọ: gbogbo ara ti bá a lọ, kò sì rí ohun tó dá a dúró. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, tó sì há èémí mọ́ra, àárẹ̀ á mú un kí abala kejì tó parí, bó ti wù kó fi ọ̀pọ̀ oṣù sáré ìdájí tó.

Kí aago àkọ́kọ́ tó lù pàápàá, ọ̀pọ̀ wọn ti bá òǹgbẹ wọ̀yá ìjà. Nítorí pé ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni wọ́n máa ń wọ̀n wọ́n, àwọn oníjà a máa fa omi kúrò lára kí wọ́n lè bọ́ sínú ìwọ̀n tó kéré sí tiwọn. Wọ́n á wọ aṣọ ọ̀rá sáré, wọ́n á jókòó sínú yàrá oóru, àwọn mìíràn á máa tu itọ́ sínú ike títí ọ̀fun á fi gbẹ. Ìgbà tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ni wọ́n á tó mu omi. Ara lè gba púpọ̀ nínú omi náà padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà eré ìdárayá ń bẹ̀rù pé ọpọlọ lè má tíì bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀, ọpọlọ yìí gan-an ni wọ́n máa tó lù.

Ọpọlọ rọ̀, inú omi díẹ̀ ló sì wà nínú agbárí. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ba àgbọ̀n láti ẹ̀gbẹ́, orí á yí bìrí, agbárí á ti lọ kí ọpọlọ tó tẹ̀ lé e, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín ọpọlọ àti ìbora rẹ̀ sì lè já. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ dà kò ríbi gbà jáde. Ṣe ni yóò máa kó jọ, tí yóò máa ti ọpọlọ, ó sì lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí wákàtí mélòó kan kó tó hàn síta. Láàárín àkókò náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú orí rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀, ó lè máa rìn, ó tilẹ̀ lè máa ju ẹ̀ṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ kò gbà á lọ́wọ́ èyí. Ọwọ́ ẹni tó ń luni ni ìbọ̀wọ́ ń ṣọ́ jù, torí kì í jẹ́ kí eegun ìka kán, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣeé ṣe láti máa lu orí léraléra. Akoto tí àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ń dé wúlò kí ojú má baà bẹ́, ṣùgbọ́n kò lè dá ọpọlọ dúró kó má mì. Èyí tó wá léwu lọ́nà mìíràn ni ìpalára tí kì í pariwo. Ní 1928, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Harrison Martland, kọ̀wé nípa àwọn oníjà tí ẹsẹ̀ wọn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tí ahọ́n wọn wúwo, tí iyè wọn sì ń ra. Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ayé ti mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ kéékèèké tí kò gbé ènìyàn ṣubú lè kó jọ di àìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹ̀ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà nígbà ìdánrawò, níbi tí kò sí òǹwòran, tí kò sì sí ẹni tó ń kà á.

Ohun tí eré yìí ń béèrè lọ́wọ́ ọkàn kò rọrùn ju ìyẹn lọ. Ó ń béèrè pé kí ènìyàn rí ìkúùkù tó ń bọ̀ kó má sì di ojú, kí wọ́n lù ú kó má bínú, torí inú bíbí ló ń mú ọwọ́ wálẹ̀ kúrò níwájú àgbọ̀n. Ó ń béèrè pé kó máa ronú, kó máa ka ìṣísẹ̀ ẹni tó kojú rẹ̀, kó máa rántí ohun tí olùkọ́ sọ, nígbà tí ihò imú kan ti dí tí ojú kan sì ń wú. Òun nìkan ló sì ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ọkàn ẹnì kan bá rẹ̀wẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, àwọn mẹ́wàá yòókù á gbé e dìde. Níhìn-ín, bí ọkàn bá yẹ̀, gbogbo ayé ló ń wò ó. Lẹ́yìn tí Tyson Fury gba oyè lọ́wọ́ Wladimir Klitschko nílẹ̀ Jámánì ní 2015, ó lé ní ọdún méjì tí kò fi jà. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fáyé pé ìbànújẹ́ ọkàn, ọtí àti oògùn olóró ló gba àkókò náà, àti pé ó wu òun láti kú. Nígbà tí Anthony Joshua, ọmọ tí Ṣàgámù ń fi yangàn, tún fìdí rẹmi lọ́wọ́ Oleksandr Usyk ní Jeddah ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó ju ìgbànú oyè sílẹ̀ láti ojú ìjà, ó fìbínú jáde, ó tún padà wá, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ gígùn tí kò létò. Kò pẹ́ tó fi sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rí ohun yẹ̀yẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ti ẹ̀rù, ìrora àti iyèméjì mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni, ilẹ̀kùn náà ló sì já lójú gbogbo ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lójú pọ̀ nìyí. Láti ọjọ́ tí ọmọdé bá ti wọlé sí ibùdó ìdánrawò, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ ni pé kó má gbọ́ ohun tí ara rẹ̀ ń wí. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá ní kó dúró, kó tún fi abala kan kún un. Bí ìhà bá ń ro ó, kó má jẹ́ kó hàn lójú. Ẹ̀kọ́ yìí ló ń sọ ọ́ di ọ̀gá, òun kan náà ló sì ń sọ ọ́ di ẹni tí a kò lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nígbà tó bá sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Kò purọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọpọlọ tí a sì ń bi léèrè bóyá ó ṣì lè jà ni ọpọlọ tí ẹ̀ṣẹ́ ti mì. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2019, Maxim Dadashev, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ẹni ọdún 28, jà ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn abala kọkànlá, olùkọ́ rẹ̀, Buddy McGirt, tó ti gba oyè àgbáyé rí, bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun dá ìjà náà dúró. Dadashev mi orí pé rárá. McGirt dá a dúró bó ti wù kó rí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọmọkùnrin náà ṣubú kó tó dé yàrá ìmúra, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn kan ń sọ pé ṣebí wọ́n dá ìjà yẹn náà dúró, kí wá ni ìdádúró ṣe? Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé olùkọ́ rere kan dúró láti bẹ ẹni tí kò sí nípò láti dáhùn. Bí ó bá jẹ́ àṣà gbogbo ilé ẹ̀ṣẹ́ pé olùkọ́ kì í béèrè, kò sí ẹni tí yóò ní láti bẹ̀bẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019 kan náà, ní New York, Joshua gbé Andy Ruiz ṣubú ní abala kẹta. Kí abala náà tó parí, òun náà ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ó jà dé abala keje, ó tún ṣubú lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, kí rẹfirí tó dá a dúró. Láàárín abala, ó ń bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń rí bí òun ṣe ń rí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olùkọ́ náà, Rob McCracken, sọ fún BBC pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ abala kẹta ti mi ọpọlọ rẹ̀, àti pé òun fẹ́ kó la abala mélòó kan kọjá bóyá ara á padà sípò. Ọ̀rọ̀ náà bí àwọn tó ń ṣètọ́jú àwọn tí orí wọn fara pa nínú. McCracken kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì wà lára àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù ní Britain. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà wá. Bí ẹni tó nímọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nínú ìjà tí gbogbo ayé ń wò, bá lè máa retí pé kí ọpọlọ tó mì padà bọ̀ sípò láàárín ẹ̀ṣẹ́, kí ni yóò máa ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí kámẹ́rà?

Nínú ìjàkadì àtijọ́ ilẹ̀ wa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó tán. Kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó ṣì lágbára, kò sì sí ẹni tó ń ka mẹ́wàá sí i létí. Ọlá rẹ̀ kò sì lọ, torí ó lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìṣubú kì í ṣe òpin. Rẹfirí á ka mẹ́jọ sí i lórí, á wo ojú rẹ̀, á ní kó rìn wá síwájú, á sì dá a padà síwájú ẹni tó lù ú ṣubú. Ìpinnu tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni rẹfirí ń fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ṣe nínú ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí ohun tí mò ń sọ wà nínú ìjà mìíràn tí Joshua kan náà jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ní Wembley, níwájú èèyàn tó tó 90,000, Klitschko gbé e ṣubú ní abala kẹfà. Ó dìde, ó fara dà á, ó sì borí ní abala kọkànlá. Bí ẹnì kan bá ti dá ìjà yẹn dúró ní abala kẹfà, ayé ì bá pàdánù ọ̀kan nínú ìjà tó dùn jù ní ìgbà tiwa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún ìjà náà wò yóò rí i pé nígbà tí Joshua dìde, ó ṣì ń bo ara rẹ̀, ó ń dì mọ́ Klitschko, ó mọ ibi tí okùn wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń le sí i bí àkókò ti ń lọ. Kì í ṣe gbogbo ìṣubú ni mo ní kó jẹ́ òpin. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ń wo ẹsẹ̀, ojú àti ọwọ́ oníjà láti ìta ló lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkùnrin tó ń jí àti ọkùnrin tó ń kú lọ. Bí a bá sì ṣì í ní ìgbà mìíràn, tí a dá ìjà tí ì bá dùn dúró, ẹni tí a dá dúró náà yóò rí ọjọ́ mìíràn jà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni bí a ṣe ń sọ ìdádúró di ẹ̀gàn. Daniel Dubois, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, kúnlẹ̀ níwájú Joe Joyce ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, rẹfirí sì ka mẹ́wàá sí i lórí. Àwọn kan nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bẹnu àtẹ́ lù ú pé ó juwọ́ sílẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé eegun tó yí ojú rẹ̀ ká ti fọ́. Ọkùnrin tí wọ́n bẹnu àtẹ́ lù yẹn ló lu Joshua dákú ní abala karùn-ún ní Wembley ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Mark Breland, tó wà lára àwọn olùkọ́ Deontay Wilder, ju aṣọ ìnura sójú ìjà láti dá a dúró, kí Fury má baà lu Wilder pa. Ohun tó rí gbà ni pé wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹni tó gba ara rẹ̀ là bá di ojo, tí ẹni tó gba ọ̀gá rẹ̀ là bá di ọ̀dàlẹ̀, ta ni yóò tún gbójúgbóyà láti sọ pé ó tó? Ẹ wo Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè àgbáyé, ní Paris, ní 1957. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pàdé Davey Moore ní 1959, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni kọ́nà rẹ̀ dá ìjà dúró. Bassey fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó di olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, ó sì wà láàyè títí di 1998. Moore tó borí rẹ̀ ń jà lọ. Ní 1963, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Los Angeles, ó kú, ó jẹ́ ẹni ọdún 29.

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà ni oníjà, ara rẹ̀ ló ni, ẹ jẹ́ kó ṣe é bó ṣe wù ú. Mo gbà pé òun ló yẹ kó yan bóyá yóò jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ àti orúkọ àdúgbò rẹ̀ wà lórí ìjà kan kò lómìnira láti dúró lágbedeméjì rẹ̀. Àwọn baba wa ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọni; lóde òní ìjà ti dọlà fún àwọn mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ṣe ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn mìíràn lọ sí òdìkejì, wọ́n ní kí ìjọba fòfin de eré náà pátápátá, bí Sweden ti ṣe sí ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń fi gbowó láti 1970 títí di 2006. Mo mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Síbẹ̀, ní Èkó tiwa, òfin bẹ́ẹ̀ kò ní pa ẹ̀ṣẹ́ run. Yóò kàn lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kò sí dókítà. Eré yìí náà ló gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, láti ọwọ́ Nojim Maiyegun ní Tokyo ní 1964. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà ló ti mú wá, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti Duncan Dokiwari ní Atlanta ní 1996. Kò yẹ ká sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n kò yẹ ká máa fi ènìyàn san gbèsè rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2025, Ṣẹ́gun Ọláńrewájú, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún, ṣubú lulẹ̀ ní abala kẹta ìjà rẹ̀ ní Bukom, nílùú Accra. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn Korle Bu, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí ọmọkùnrin méjì kú látinú ìjà ọjọ́ kan náà ní Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, àwọn aláṣẹ ní Japan dín àwọn ìjà oyè àjọ ẹ̀ṣẹ́ Ìlà-Oòrùn àti Pàsífíìkì kù láti abala 12 sí 10. Wọn kò dúró de ẹkún kẹta. Kí àwọn tó ń darí ẹ̀ṣẹ́ ní Nàìjíríà náà má dúró. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìjà kankan tí kò bá ti sí dókítà létí okùn tó láṣẹ láti dá a dúró láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́, àti ọkọ̀ áńbúláǹsì tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí onígbọ̀wọ́ bá sọ pé owó òun kò ká a, a jẹ́ pé owó rẹ̀ kò ká ìjà nìyẹn. Kí ẹni tí wọ́n bá lù dákú má wọ ìbọ̀wọ́ fún ìdánrawò títí wọn á fi yẹ orí rẹ̀ wò. Kí olùkọ́ àti oníjà jọ fẹnu kò ní ilé, kí ìbínú ọjọ́ ìjà tó dé, pé bí aṣọ ìnura bá wọlé, kò sí àríyànjiyàn. Ní ti àwa tí à ń sanwó wòran, ní Rowe Park ní Yábàá tàbí níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, nígbà tí rẹfirí bá di ọmọ ọlọ́mọ mú tó sì mi ọwọ́ pé ó parí, ẹ má ṣe hó lé e lórí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.